Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lè kọ́ èèyàn ní remote viewing? Mo fẹ́ fi wá àbúrò mi

Ayọ̀kúnlé85

Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò kí n tó náwó lé e.

Àbúrò mi ọkùnrin kúrò nílé ní 2022, ó gba Agadez lọ sí Líbíà. Ìgbà tó pè wá kẹ́yìn, Sabha ló wà. Láti ìgbà náà a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá wa kì í sùn. A ti lọ sọ́dọ̀ wòlíì, a ti gbààwẹ̀, a sì ti fún ọkùnrin kan tó ní òun mọ èèyàn ní Tripoli lówó. Kò sí ohun tó tibẹ̀ jáde.

Lóṣù tó kọjá ni mo rí ìpolówó ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Remote viewing ni wọ́n pè é: èèyàn á jókòó sínú yàrá pẹ̀lú bébà àti bíró, á máa rí ibi tó jìn, ohun tó fara sin, àní ẹni tó sọnù. Wọ́n ní kì í ṣe ẹ̀bùn àbímọ́ni, iṣẹ́ ni bí iṣẹ́ télọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kọ́ ọ, nítorí pé àwọn ológun Amẹ́ríkà ló fi kọ́ àwọn sójà wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, 650 dọ́là. Ti ológun yẹn ló wọ̀ mí lára jù. Mo rò ó pé ìjọba ńlá bẹ́ẹ̀ ò lè fi ogún ọdún náwó sórí ohun tí kò sí. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Tóyọ̀sí

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á mú un padà wálé láyọ̀. Má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ kọ́kọ́ dá sí i.

Atọ́pinpin

Bọ̀dá Ayọ̀kúnlé, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ìpolówó yẹn, torí òótọ́ inú rẹ̀ kò kéré.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìròyìn dé etí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà pé Rọ́ṣíà ń náwó sórí ìwádìí agbára ọkàn. Ìbẹ̀rù pé kí ọ̀tá má lọ síwájú àwọn ló bí gbogbo rẹ̀. Ní 1972, CIA bẹ̀rẹ̀ sí í fún Stanford Research Institute lówó, ilé ìwádìí kan ní Menlo Park, California. Onímọ̀ físíìsì méjì, Russell Targ àti Harold Puthoff, ni wọ́n wà nídìí iṣẹ́ náà. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò dáadáa ni Ingo Swann, ayàwòrán kan láti New York, àti Pat Price, tó ti ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá rí ní Burbank.

Ní 1974, wọ́n fún Price ní nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibì kan lórí máàpù, wọn ò sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Semipalatinsk ni, ní Kasakísítáànì, níbi tí Rọ́ṣíà ti ń dán àwọn ohun ìjà átọ́míìkì wò. Price ya kírénì ńlá kan tó ń rìn lórí irin. Nígbà tí wọ́n fi wé àwòrán sátẹ́láìtì, kírénì kan wà níbẹ̀ tó jọ ọ́. Àwòrán kírénì yẹn náà ni gbogbo ìpolówó máa ń fi hàn. Ohun tí wọn kì í fi hàn ni ìyókù ohun tí Price sọ lórí ibẹ̀: ọ̀pọ̀ ilé àti nǹkan tó ní òun rí tí kò sí níbẹ̀, àti àwọn nǹkan ńlá tó wà níbẹ̀ tí kò rí. Àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò nínú CIA kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ológun dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Fort Meade, ní Maryland. Orúkọ rẹ̀ ń yí padà ṣáá: Grill Flame, Center Lane, Sun Streak. Ní 1991 ló di Star Gate. Ní 1995 ni wọ́n tì í pa, lẹ́yìn tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ti wọlé sí i.

Nítorí náà, pé ológun ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni. Pé ó ṣiṣẹ́ fún wọn, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Pé ẹnikẹ́ni lè kọ́ ọ, màá padà wá sórí ìyẹn lálẹ́. Mo wà níbi iṣẹ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà

Ṣebí ohun tí àwọn babaláwo wa ti ń ṣe látayébáyé nìyí? Òyìnbó kàn wá fún un lórúkọ ni.

Àwòrò Ìṣẹ̀ṣe

Rárá o, Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á pọ̀. Mo ti ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ olúwo mi láti ọdún kẹsàn-án. Babaláwo kì í di ojú kó ní òun rí ilé kan ní Sabha. Ó máa ń da ikin tàbí kó ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, Odù kan á yọ nínú 256, á sì ki ẹsẹ tó bá Odù náà mu. Orí ẹsẹ ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe nínú ojú babaláwo. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó wá dífá fúnra rẹ̀ máa ń sọ èyí tó kàn án. Ẹ̀kọ́ tó ń gba ọdún gbọọrọ nìyẹn, ẹ̀kọ́ ìrántí sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ Ifá ta ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ fún yín, ẹ yẹra fún un.

Ará Laurel

Ẹ ṣé, Atọ́pinpin, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ fi ojú kan ṣoṣo wò ó. Ìtòsí Fort Meade ni mò ń gbé níbí ní Maryland, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni NSA, ilé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà kan, wà. Inú ilé pákó àtijọ́ ni wọ́n kó àwọn aríran wọ̀nyẹn sí nígbà náà. Wọ́n ti wó o. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ wọn, mi ò sì gbà pé asán ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí, torí àwọn èèyàn rò pé wọ́n kàn ń dijú ni. Swann àti Puthoff ló ṣètò rẹ̀, ó ní ìpele mẹ́fà. Ẹni tó ń darí á ka nọ́ńbà fún ọ. Bó bá ti kà á tán, ọwọ́ rẹ á fa ìlà kan sórí bébà kí o tó ronú. Ìlà yẹn ni ìpele kìíní: ṣé omi ni, ṣé ilẹ̀ ni, ṣé ohun tí èèyàn kọ́ ni? Nínú ìpele kejì ni wàá kọ ohun tí ara mọ̀: òórùn, àwọ̀, ooru, bó ṣe rí lọ́wọ́, bóyá ó rí ṣákaṣàka tàbí ó dán. Ìkẹta, yà á, gíga rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dórí ìkẹfà, tí wọ́n á fi amọ̀ mọ ibi tí wọ́n rí.

Òfin kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Tí orúkọ nǹkan bá ti sọ sí ọ lọ́kàn, “afárá ni”, “ilé ìṣọ́ ni”, kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà, gbé bíró sílẹ̀, sinmi, lẹ́yìn náà kí o máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò wá. Wọ́n ní orí èèyàn máa ń yára fi ohun tó ti mọ̀ dí àyè ohun tí kò mọ̀, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Ẹ má gbàgbé pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà náà. April 1973 ni Swann sọ pé òun rí òrùka yí i ká. Ní 1979 ni Voyager 1, ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní èèyàn nínú, ya fọ́tò òrùka náà. Ta ló sọ fún un?

Atọ́pinpin

Mo ti dé. Ará Laurel, ẹ ṣé fún àlàyé ìpele yẹn, bó ṣe wà nínú ìwé ìkọ́ni 1986 ni ẹ ṣe sọ ọ́. (Ìwé náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti 1998, Bọ̀dá Ayọ̀kúnlé. Ohun tí wọ́n fẹ́ gba 650 dọ́là lé lórí nìyẹn.)

Ti Júpítà: òótọ́ ni pé Swann sọ̀rọ̀ òrùka. Nínú ìjókòó kan náà ó ní òkè gíga wà níbẹ̀, tó tó 30,000 ẹsẹ̀ bàtà. Júpítà ò ní ilẹ̀ tí òkè lè dúró lé; gáàsì ni. Tí a bá mú òrùka tí a fi òkè sílẹ̀, àwa la fi ọwọ́ ara wa ṣe é ní aríran.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kíkọ́, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní 1995, kí wọ́n tó ti Star Gate pa, wọ́n ní kí ilé ìwádìí kan, American Institutes for Research, yẹ gbogbo iṣẹ́ náà wò. Wọ́n pe àwọn méjì tí èrò wọn kò dọ́gba: Jessica Utts, onímọ̀ sitatísíìkì ní California, tó gbà pé ohun kan wà níbẹ̀, àti Ray Hyman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Oregon, tí kò gbà. Utts kọ ọ́ pé èsì inú yàrá ìwádìí kọjá oríire lásán. Gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ ló máa ń ka ìyẹn síta. Ṣùgbọ́n inú ìjábọ̀ Utts yìí kan náà, níbi tó ti to ohun tí àwọn ará Menlo Park fúnra wọn rí, ó wà níbẹ̀ pé ìdánrawò àti oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọ́ni kò mú kí àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí i lọ́nà tó ṣeé gbára lé. Ó ní ó jọ pé ó rọrùn láti wá ẹni tó mọ̀ ọ́n rí ju kí a kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ. Nínú àwọn tó fínnúfíndọ̀ wá dán an wò, bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ní ó ń ṣe dáadáa léraléra.

Ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ jù lọ ló kọ ìyẹn, kì í ṣe alátakò. Iṣẹ́ télọ̀ ni ìpolówó ní ó jẹ́, àwọn tó ni iṣẹ́ sì ti ní àwọn ò rí i kọ́.

Olùkọ́ Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí “kọjá oríire lásán” jẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ìdánwò ìkẹyìn, fọ́tò márùn-ún ni wọ́n máa ń kó sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni aríran fẹ́ rí. Adájọ́ tí kò mọ èyí tó jẹ́ á ka ohun tí aríran kọ, á wá to fọ́tò márààrún látorí èyí tó bá a mu jù dé èyí tó jìnnà sí i jù. Tí kò bá sí ìríran kankan, wọ́n á ṣì gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ohun tí Utts ń sọ ni pé ó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a bá ka ọgọ́ọ̀rọ̀ ìdánwò pọ̀. Díẹ̀ yẹn kò tó láti fi mọ ọ̀nà dé Ṣágámù, ká má tíì sọ Sabha. Hyman náà gbà pé nọ́ńbà náà kò jọ oríire lásán, ṣùgbọ́n ó béèrè pé kí ló dé tó fi jẹ́ olórí ìwádìí fúnra rẹ̀ ni adájọ́ kan ṣoṣo, ó sì ní kò tíì yá láti pè é ní agbára ọkàn.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn ìdánwò Targ àti Puthoff àkọ́kọ́, onímọ̀ méjì láti New Zealand, David Marks àti Richard Kammann, yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature ní 1978. Wọ́n rí i pé nínú àkọsílẹ̀ ohun tí aríran sọ ni àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké wà, bí ìgbà tí ẹnì kan mẹ́nu ba ibi tí wọ́n lọ lánàá. Adájọ́ tó bá ní orúkọ ibi gbogbo lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe lọ wọ́n tẹ̀léra lè fi ìyẹn nìkan mọ èyí tó kàn, láìsí ìríran kankan. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣe ìdánwò tiwọn, kò ṣiṣẹ́.

Mo dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi, SS2. Mo fi fọ́tò kan sínú àpò ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo ní kí wọ́n kọ ohun tó bá sọ sí wọn lọ́kàn. Ọmọbìnrin kan kọ: “omi, irin, ó gùn, atẹ́gùn ń fẹ́.” Mo ṣí i: afárá Third Mainland! Ariwo sọ, kíláàsì kejì sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi náà, ara mi bù máṣọ. Ìgbà tó yá ni mo wá mú fọ́tò mẹ́rin yòókù tí mo ti kó pamọ́ jáde: ọkọ̀ òkun ní Àpápá, ojú irin tó gba orí odò, ọjà Bódìjà, àti òkè Olúmọ. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú mẹ́rin ló bá a mu tó ti afárá. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ òkun ni mo ṣí jáde, ariwo kan náà la máa pa.

Dàmọ́lá_Kent

Mi ò fẹ́ dárúkọ ibi tí mo ti ṣe é, ṣùgbọ́n mo san owó irú ẹ̀kọ́ yìí, owó tó ju ti Bọ̀dá Ayọ̀kúnlé lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí bàbá mi kú ni, mò ń wá ohun tí màá dì mú.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Tí ohun tí mo kọ bá bá ibi náà mu, ẹ̀kọ́ ti ń wọlé nìyẹn. Tí kò bá bá a mu, wọ́n á ní mo jẹ́ kí èrò orí mi dá sí i, àbí pé mo rí ibòmíràn tó wà nítòsí, àbí pé mo rí i ní ìgbà mìíràn, bóyá bó ṣe máa rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kùnà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí n wọ ìpele tó kàn, owó rẹ̀ sì yàtọ̀.

Ìyàwó mi ló là mí lójú. Ó ní, “Jẹ́ kí n máa mú fọ́tò fún ọ, márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí ìwọ náà yan.” Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ la ń ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ogójì ìgbà. Mo gba mẹ́sàn-án. Ọmọ mi tó wà ní kíláàsì kẹrin nígbà náà ló bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹni tó kàn ń fọwọ́ lé fọ́tò láìwò á gba bíi mẹ́jọ.

Ará Laurel

Dàmọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo gbọ́ ohun tí gbogbo yín sọ. Mi ò tíì yí ọkàn mi padà lórí McMoneagle, aríran Fort Meade tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 001. Mo ṣì rò pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà, díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìjábọ̀ ti Utts fúnra rẹ̀ bá sọ pé kò ṣeé kọ́, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kó lọ sanwó láti kọ́ ọ.

Ohun kan sì wà tí mo mọ̀ tí mi ò kọ sókè nítorí pé ó ń dùn mí. Bọ̀dá Ayọ̀kúnlé, wíwá ẹni tó sọnù gan-an ni wọ́n ń lo àwọn ará Fort Meade fún. Nígbà tí wọ́n mú àwọn Amẹ́ríkà sí àhámọ́ ní Tehran ní 1979, ìjókòó tí wọ́n ṣe lórí wọn lé ní 200. Ìdúnàádúrà ló tú àwọn 52 sílẹ̀ ní January 1981, lẹ́yìn ọjọ́ 444. Ní December 1981, wọ́n jí ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, Dozier, gbé ní Verona, ní Ítálì. Wọ́n ní kí àwọn aríran wá a. Ọlọ́pàá Ítálì ló rí i ní Padua lẹ́yìn ọjọ́ 42, nípa ìwádìí àti àwọn tí wọ́n mú. Ní 1988, wọ́n gbé Higgins ní Lẹ́bánónì, sójà ni òun náà. Wọ́n ṣe ìjókòó lórí rẹ̀. Kò padà wálé láàyè.

Àwọn tó dára jù tí wọ́n ní nìyẹn, pẹ̀lú owó ìjọba lẹ́yìn wọn. Mi ò mọ ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n tipasẹ̀ rẹ̀ mú wálé. Ìdí tí ìjábọ̀ 1995 fi ní kí wọ́n pa á rẹ́ náà nìyẹn: kò sí ìgbà kan tí ohun tí wọ́n rí tó gún régé tó láti fi gbé ìgbésẹ̀.

Ìyá Tóyọ̀sí

Ará Laurel, Ọlọ́run á bù kún ọ fún òótọ́ tó o sọ yìí. Ó ṣòro kí èèyàn sọ̀rọ̀ tako ohun tó fẹ́ràn.

Nọ́ọ̀sì Ṣakí

Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀kúnlé, mo máa ń ṣe iṣẹ́ àṣelóore pẹ̀lú Red Cross nílẹ̀ wa. Ṣé ẹ ti lọ bá wọn? Àwọn àti ICRC, ìgbìmọ̀ Red Cross àgbáyé, ní ẹ̀ka kan tó ń wá àwọn tí ìdílé wọn ò gbúròó mọ́, títí kan àwọn tó gba aṣálẹ̀ àti òkun lọ. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Wọn ò ní ṣèlérí fún yín, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní èèyàn ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀ tó lè béèrè. Ìkànnì kan náà wà, Trace the Face, tí ẹni tó ń wá èèyàn á gbé fọ́tò ara rẹ̀ sí, kí ẹni tó sọnù lè rí i níbi tó bá wà. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ rántí sílẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Ayọ̀kúnlé85

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo ka ti Dàmọ́lá sókè fún ìyàwó mi. Mi ò sanwó ẹ̀kọ́ náà.

Lánàá ni mo lọ sí Red Cross, màmá ní òun ń tẹ̀lé mi. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn fara balẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ tó kúrò nílé, àwọn tí wọ́n jọ lọ, nọ́ńbà tó fi pè kẹ́yìn, àpá tó wà lára rẹ̀. Ó wá béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é lójú ọ̀nà, pé ọ̀pọ̀ wọn kì í lo orúkọ ilé. Mi ò mọ̀ ọ́n. Màmá ló dáhùn. Ó ní nígbà tó pè láti Agadez, òun gbọ́ tí wọ́n ń kígbe “Ṣumẹ́kà” lẹ́yìn rẹ̀, òun bi í pé ta ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ni, òun ń bá wọn tún bàtà ṣe. Ọdún mẹ́ta tó ti mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó bi í.

Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Tuesday fún fọ́tò. Mo ní kí wọ́n ya èmi. Màmá ní rárá, òun ni kí wọ́n ya. Ó ti lọ gbé gèlè tó wé lọ́jọ́ tí ọmọ náà ń lọ jáde, ó ní òun ni òun máa wé.